Ìwé Ìwáṣẹ́ Kan nínú 128: Ohun Tí Iṣẹ́ Ṣe, Ohun Tó Ṣe Kòńgẹ́

Ọmọ ọdún 29 ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nígbà tó kọ́kọ́ tọ olùgbani-nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ lọ. Akọ̀wé ìṣirò owó ni, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn nílé iṣẹ́ kan náà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló máa ń ti ilẹ̀kùn. Láàárín oṣù 14, ó ti fi ìwé ìwáṣẹ́ 61 ránṣẹ́ síbi oríṣiríṣi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sì síbi tí wọ́n ti gbà á.

Kì í ṣe ìwé 61 yìí ló gbé e dìde nílé. Ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tó jẹ́ pé obìnrin yìí ló máa ń bá a tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórí ẹ̀ka. Ìbéèrè méjì ló gbé dé ọ̀dọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn: ṣé kóun túbọ̀ tẹpá mọ́ṣẹ́ ni, àbí kóun gbà pé orí òun ò gbe òun? Ó ti ń fì sí ìkejì.

Orí burúkú kì í wú tuulu, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú èèyàn kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló kù díẹ̀ tàbí oríire. Ohun tó mú kí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wúlò fún àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ni pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí.

Ẹni kan ṣoṣo tó fi ń wọn ara rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbé ga yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni kò jẹ́ kó lè ronú dáadáa. Àwọn mélòó ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún tí òun bẹ̀rẹ̀? Ó kà wọ́n: àwọn 14 ni. Nínú wọn, 3 ti di olórí ẹ̀ka. Nínú àwọn 3 yẹn, 2 wà ní ẹ̀ka tí ọ̀gá ibẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹni tó ń wò yẹn wà lára àwọn 2 náà. Ní ẹ̀ka ti obìnrin yìí, ọ̀gá ṣì wà lórí àga, kò sì sí àmì pé ó fẹ́ dìde.

Ó kù èèyàn 10 tí kò ronú kàn rí. Àwọn náà ń ṣiṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe é dáadáa. Ẹni tó gòkè ni ojú máa ń rí. Ẹni tó dúró sójú kan ò ní ìtàn tí wọ́n ń sọ. Bí èèyàn bá fi ẹni kan tó gòkè wọn ara rẹ̀, tí kò ka àwọn tó kù, bó pẹ́ bó yá, ó máa gbà pé òun nìkan ni nǹkan ṣe.

Òpó méje

Lẹ́yìn náà, olùgbani-nímọ̀ràn ní kó ṣí tábìlì kan lórí Excel, kó wọ inú í-meèlì rẹ̀ lọ, kó sì to gbogbo ìwé 61 náà síbẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Òpó 7 ni tábìlì náà ní: ọjọ́ tí ìkéde iṣẹ́ jáde, ọjọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́, ibi tó ti gbọ́, àkókò tó lò lórí ìwé náà, ibi tó já sí, ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kún un.

Ohun tó jáde kì í ṣe ohun tó ń retí. Ìwé 37 ló fi ránṣẹ́ nígbà tí ìkéde ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Nínú 37 yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pè é. Nínú 24 tó tètè fi ránṣẹ́, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣírò kékeré nìyí o, kò tó ohun tí èèyàn lè fi búra. Ká ní wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i nínú àwọn tó pẹ́ ni, àwòrán náà ìbá yí padà. Ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu: ilé iṣẹ́ tó bá ti rí èèyàn mẹ́fà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ò ní pẹ́ káàárẹ̀ láti máa ṣí ìwé tuntun. Pípẹ́ ò sì sí lára oríire. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Òpó keje, “ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi,” kún dẹ́nu. Ó rí nǹkan kọ síbẹ̀ ní ìlà 54 nínú 61. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìgbà àkọ́kọ́: ó fi kún un

Olùgbani-nímọ̀ràn fẹ́ kó dín iye ìwé kù, kó sì mú èyí tó bá kọ dára sí i. Obìnrin náà ò gbà. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, pé bí òun bá ṣe ìlọ́po méjì ohun tóun ń ṣe, ọ̀kan á bọ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kó ṣe é, wọ́n kàn ní kó máa kún tábìlì rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ 6, ìwé 44. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sì gbà á ní ìkankan. Tẹ́lẹ̀, nínú ìwé 100, nǹkan bí 7 ni wọ́n fi máa ń pè é; ní báyìí ó ti di 4 àti ààbọ̀. Ìdí rẹ̀ hàn kedere nínú òpó kẹrin: ìṣẹ́jú 35 ló ń lò lórí ìwé kan tẹ́lẹ̀, ó ti já sí ìṣẹ́jú 12. Nínú ìwé 5, orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ̀wé sí kẹ́yìn ló ṣì wà nínú ìkíni. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́ dé òru. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi iye ìgbà kún un, bẹ́ẹ̀ ló ń bu ara ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ.

Nígbà tó padà wá, ẹkún ló ń sun. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 6, kò sí ìkan. Olùgbani-nímọ̀ràn bá fi ìṣirò tù ú nínú: ká ní èèyàn 5 tí wọ́n dọ́gba ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á mú ẹnì kan. Ìdá 80 nínú 100 ni pé wọn ò ní mú un lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má mú un lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, 0.8 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́fà ni, ó sì ń lọ sí 0.26. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọn ò lábùkù kankan, 26 á jáde lófo lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà. “Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi, kò tíì bọ́ sí i ni.”

Ìṣirò yẹn tọ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ni kò tọ́. Ìdí ni pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ gbà pé ìgbà kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí ìgbà tí èèyàn ń ju owó ẹyọ sókè. Bó bá jẹ́ àṣìṣe kan náà ni èèyàn ń gbé wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́fà kì í ṣe ìgbà mẹ́fà mọ́, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà ni. Kò sẹ́ni tó wò ó nígbà náà. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ló bá a lọ.

Wákàtí tí ẹnikẹ́ni ò rí

Ṣáájú ìgbìyànjú kejì, wọ́n ka wákàtí rẹ̀. Yàtọ̀ sí wákàtí iṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn, ó tún ń lo wákàtí 10 sí i lọ́sẹ̀ nílé iṣẹ́ náà. Ta ló ń rí i? Ọ̀gá rẹ̀ máa ń lọ ní àsìkò. Àwọn tó ń ka ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ níbòmíràn ò lè mọ̀ pé òun ló ń tilẹ̀kùn. Irú iṣẹ́ àṣekára kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é nìkan ló mọ̀, owó tirẹ̀ ò sì ju ìyìn lọ.

Wọ́n fi ẹnu kò pé ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó máa lọ nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ. Ìyẹn fún un ní wákàtí 6. Inú wákàtí 6 yìí ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti ṣẹlẹ̀. Ó tọ́ láti sọ ọ́ níbí pé wákàtí àfikún tó ti lò láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá ò lọ lásán, ó tún máa jẹ yọ níwájú. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, fífi kún un ò ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà kejì: ìwé 16

Ọ̀sẹ̀ 10, ìwé 16 péré. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fi lélẹ̀. Ìkíní, kò gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ìkéde bá ti jáde. Ìkejì, ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ohun mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ń fẹ́ lóhùn, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ìkẹta, bí kò bá rí àpẹẹrẹ fún méjì nínú mẹ́ta, kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ìwé kan ń gbà á tó wákàtí mẹ́ta.

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Márùn-ún nínú 16! Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé iṣẹ́ níye lórí, ibí ni kó wò. Oríire rẹ̀ ò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ 10, ibi tó ń na agbára rẹ̀ sí ló yí padà.

Síbẹ̀, wọn ò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún un pé ipò kejì ló ṣe. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n má pe òun rárá ju kí wọ́n sọ fún òun pé ó kù díẹ̀. Ó fẹ́ jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ “ó kù díẹ̀” yìí, àwọn onímọ̀ ti wò ó dáadáa. Ní Netherlands, Bol, de Vaan àti van de Rijt tẹ̀ lé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn tó fi díẹ̀ kọjá ìlà àti àwọn tó fi díẹ̀ kùnà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, owó ìwádìí tí àwọn tó kọjá rí gbà lé ní ìlọ́po méjì ti àwọn tó kùnà. Apá kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó kùnà ò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ní 2019, Wang, Jones àti Wang wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi díẹ̀ kùnà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ju àwọn tó fi díẹ̀ yege lọ. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, iṣẹ́ àwọn tó dúró nínú wọn máa ń ju ti àwọn tó yege lọ.

Kì í ṣe kí wọ́n lè rọ obìnrin náà pé kó máa forí tì í títí láé ni wọ́n ṣe sọ èyí fún un. Ìforítì tí kò ní òpin ti ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ òpin sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ara ṣì ń ta á: bó bá di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 20, tàbí oṣù 12 sí i, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, á wá irú iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó ti mọ ibi tí ọ̀nà náà parí sí, kò tún béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ láràárọ̀ bóyá kóun padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ “a” àti “mo”

Ìgbà yìí ni olùgbani-nímọ̀ràn padà sí ìṣirò tó fi tù ú nínú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti di 11. Tí a bá fi 0.8 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà 11, ó bọ́ sí nǹkan bíi 0.09. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọn ò lábùkù, 9 péré ni irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ sí. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn 9, ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu mọ́ láti gbà bẹ́ẹ̀ láìwò ó.

Wọ́n wá ẹni méjì tí kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ìṣẹ́jú 40, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ padà, wọ́n kà á: “a” àti “wa” jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà 31, “mo” jáde lẹ́ẹ̀mẹrin. “A máa ń parí ìṣirò lóṣooṣù.” “A máa ń rí i pé ìwé bá ara wọn mu.” Wọ́n bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣe níbẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn sí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí ohun pàtàkì kan.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ jáde. Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ 9 ló ń gbà wọ́n láti pa ìwé ìṣirò oṣù dé. Ó ti sọ ọ́ di ọjọ́ 4. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi ṣe é, nínú wákàtí àfikún tí ẹnikẹ́ni ò rí: ó ṣàkíyèsí pé ìwé owó tó ń pẹ́ jù wá láti ẹ̀ka méjì péré, ó ṣe fọ́ọ̀mù kan fún wọn, ó sì ń gba tiwọn ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìparí oṣù. Kò sọ ọ́ rí nítorí pé lójú tirẹ̀, ṣebí iṣẹ́ òun náà ni. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 11, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Kì í ṣe orí, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwà ọmọlúàbí tó kọ́ kó má máa fọ́nnu ni kò jẹ́ kó sọ ohun tó ṣe. Wọ́n kọ ìtàn márùn-ún: ohun tó bàjẹ́, ohun tí “mo” ṣe, ohun tó yí padà pẹ̀lú iye rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló fi kọ́ bí á ṣe máa sọ wọ́n, fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, títí tí “mo” fi jáde láìfi agbára mú un.

Ó tún kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ márùn-ún tó pè é kẹ́yìn, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni ẹni tí wọ́n mú ní tí òun ò ní? Méjì dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni náà ti lo irú sọ́fítíwià ìṣirò tí wọ́n ń lò. Ó fi ọ̀sẹ̀ 6 kọ́ ọ, wákàtí 5 lọ́sẹ̀.

Ìgbà kẹta: àwọn ojúlùmọ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú òpó kẹta tábìlì náà, níbi tó ti kọ ibi tó ti gbọ́ nípa iṣẹ́, ìkéde orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú 117 nínú ìwé 121. Nínú mẹ́rin tó kù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló sọ fún un. Ó ti ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà bá òun máa wò ó, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́rin nínú wọn wà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́, òun náà ti gbọ́.

Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn èèyàn tó rí iṣẹ́ gbà nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Kò tó ìdá 17 nínú 100 tí wọ́n ń rí ẹni náà déédéé. Ìdá 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 28 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá. Ní 2022, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí LinkedIn, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pàdé, tó kan èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 fún ọdún márùn-ún, fi hàn pé òótọ́ ni, ó kàn ní ààlà: ojúlùmọ̀ tí kò jìnnà jù, tí kò sì sún mọ́ni jù, ló wúlò jù lọ. Ọ̀rẹ́ fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ibi tí o wà lòun náà wà.

Wọ́n kọ orúkọ 40 sílẹ̀: àwọn tó bá kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, tó bá ṣiṣẹ́ pọ̀, tó bá pàdé níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí wọn ò sì sọ̀rọ̀ fún ó kéré tán ọdún kan. Ìwé méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16. Kò tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń dákẹ́ nítorí kò ní. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí níbi tí wọ́n wà, ó sì béèrè ìṣẹ́jú 20. Àwọn 22 dáhùn. Àwọn 9 bá a sọ̀rọ̀. Àwọn 3 mẹ́nu kan àyè tó fẹ́ ṣí sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 yìí, ìwé ìwáṣẹ́ 7 ló kọ, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Ìkejì, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà pa ipò yẹn rẹ́ kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni.

Ìlà 128

Ẹni tí wọ́n jọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ló sọ fún un pé ẹnì kan fẹ́ kúrò ní ẹ̀ka ìṣirò níbi tóun wà. Ọjọ́ tí ìkéde jáde gan-an ni ìwé rẹ̀ wọlé. Wọ́n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí ìparí oṣù, ìgbà tí iṣẹ́ máa ń mú un dé òru. Olórí ẹ̀ka tó yẹ kó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ṣàìsàn, wọ́n sún un síwájú ní ọjọ́ 8. Ó sùn dáadáa. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò olórí ẹ̀ka ni ẹni tó ń pa ìwé ìṣirò oṣù dé níbẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í sì ni pé ọjọ́ mélòó ló ń gbà wọ́n lọ́hùn-ún. “Ọjọ́ 9 ni tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di 4.”

Ipò kejì ló tún ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n mú fi ìwé ránṣẹ́ pé òun ti rí iṣẹ́ tó wu òun ju èyí lọ. Wọ́n pe obìnrin yìí lórí fóònù, wọ́n sì gbà á.

Nígbà tó fi tábìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùgbani-nímọ̀ràn lọ́sẹ̀ yẹn, ìlà 128 wà níbẹ̀. Lábẹ́ “ohun tó wà lọ́wọ́ mi,” ó kọ ìlà mẹ́rin: sọ́fítíwià, ìtàn ọjọ́ 9 sí 4, ojúlùmọ̀, fífi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Lábẹ́ “ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi,” kò kọ nǹkan kan. Nígbà tó ń pàdánù, òpó yẹn kì í sábà ṣófo. Wọ́n dá a padà fún un, ó sì kọ ọ́: olórí ẹ̀ka ṣàìsàn; ẹni àkọ́kọ́ yẹra.

Fún àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn

Àṣìṣe tó burú jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, olùgbani-nímọ̀ràn ló ṣe é, kì í ṣe obìnrin náà. Ó lo oríire láti fi tu èèyàn nínú kó tó wo ibi tí ìkòkò ti ń jò. Ìgbà tí èèyàn bá ti kùnà níbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó fi ìṣirò kankan hàn án. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 40 ni. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ ò rí nǹkan, ìgbà náà ni ìṣirò lè tù ú nínú láìpa irọ́.

Ẹ ya wákàtí iṣẹ́ sọ́nà mẹ́ta: èyí tó ń fi kún iye ìgbà tí yóò dán an wò, èyí tó ń mú kí ìgbà kọ̀ọ̀kan sàn, àti èyí tí kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kára tí wọ́n bá wọlé tọ̀ yín wá, ọ̀nà kẹta ló gba wákàtí wọn jù. Ẹ má sọ fún wọn pé wọn ò ṣiṣẹ́ tó. Ẹ bá wọn gbé wákàtí mẹ́fà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Kí ẹ tó dá ọ̀nà kẹta lẹ́bi, kí ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ti bí sínú rẹ̀ tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ béèrè nípa owó tó ń wọlé. Obìnrin yìí ń gba owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo oṣù tó fi wáṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ ìyẹn sí òpó keje títí ọ̀rọ̀ fi parí, àtòun àti olùgbani-nímọ̀ràn. Ẹni tó ní irú ọwọ́ kan náà àti ọpọlọ kan náà, tí kò ní ju owó oṣù méjì lọ nílẹ̀, ìbá ti gba iṣẹ́ yòówù tó bá kọ́kọ́ yọjú nígbà ìwé 61. Oríire tó pẹ́ lára èèyàn kì í jọ oríire mọ́. Fún ẹni tí kò lè dúró, òpin tí ẹ máa kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí ìwé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀, kì í ṣe kó parí síbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó wọṣẹ́, wọ́n ní kó wá bá àwọn akọ̀wé tuntun sọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ó ní òun tẹpá mọ́ṣẹ́, òun ò sì jáwọ́. Nílé iṣẹ́ tó ti kúrò, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní orí ló gbé e, pé ṣebí ẹni tí wọ́n mú ni kò wá. Tábìlì náà ṣì wà lọ́dọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn, pẹ̀lú ìlà kan tí wọ́n ti fi kún ìlànà rẹ̀ lókè: ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ gbọ́dọ̀ kún òpó keje láàárín wákàtí 24, kó tó sọ ìròyìn náà fún ẹnikẹ́ni.